Òrí Tí Ìyá Wa Máa Ń Yọ́

Ó ti pẹ́, nínú bọ́ọ̀sì Ẹ̀jìgbò, ìyàwó kan tó ti Abíjàn dé gbé ọmọkùnrin rẹ̀ lé ẹsẹ̀ níwájú mi, ó ń bá màmá àgbà kan ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aboyún ni dókítà fi wo itan ọmọ mi yìí tó wú, màmá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì. Tó bá ṣubú, inú ẹran itan ló ń sun sí. Mo rí i lójú ẹ̀rọ, ó dúdú bí adágún omi."

"Kí ni wọ́n ní kí o fi wọ́ ọ?"

"Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ wọ́ ọ, pé ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ máa sun ni. Ìyá ọkọ mi sì ti yọ́ òrí dè wá nílé."

Màmá wo itan ọmọ náà.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni itan àbúrò mi ṣe máa ń wú. Ìyá wa á yọ́ òrí, á máa fi wọ́ ọ, á máa kì í. Bí mo bá gbóòórùn òrí títí dòní, ohùn ìyá wa ni mò ń gbọ́. Ọmọ á ké, á ké, á wá sùn lọ. Ìyá wa á rẹ́rìn-ín sí wa: 'Ara ti tù ú.' Àṣé ńṣe ló rẹ̀ ẹ́."

Ó tún un sọ: "Àṣé ńṣe ló rẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ò lè mọ̀ nígbà yẹn, màmá."

"Tí o bá délé, gbé e fún ìyá ọkọ rẹ, kó máa kì í. Òrí yẹn nìkan ni kí o gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀."