Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Bẹ̀ Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin ará Ìtòkú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí, kí ìtìjú tó tún dí mi lẹ́nu. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n ti tún eré Inspẹ́kítọ̀ Fimúfínlẹ̀ gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan lọ́jọ́ Ajé, èkejì lọ́jọ́rú, lẹ ti ń bi mí léèrè ìdí tí méjèèjì fi jọra tó bẹ́ẹ̀. Wúrà sọnù nínú méjèèjì, obìnrin kan sì sunkún. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tó sunkún ni olè. Nínú èkejì, kò sí olè rárá. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló mú aláìṣẹ̀, tó sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nígbẹ̀yìn. Ẹ ní Josiah tó kọ wọ́n gbọ́n. Kì í ṣe ọgbọ́n Josiah. Ohun tí èmi Ládépọ̀, tí mo ṣe Fimúfínlẹ̀, fi ọwọ́ ara mi ṣe ní àdúgbò yìí ló wà láàárín eré méjèèjì.

Ọdún 1982 ni a ṣe ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, n kò lè kọjá ní Láfẹ́nwá kí àwọn awakọ̀ má fun fèrè sí mi. Orí mi wú. Kò pé oṣù kan tí Ìyá Ṣéhù, aláró tí gbogbo yín mọ̀, ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀gbà ọrùn wúrà tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà ti sọnù. Ó ní, “Ọ̀gá Fimúfínlẹ̀, n ò fẹ́ ọlọ́pàá nínú ilé mi. Bá mi wá olè náà.” Ó yẹ kí n sọ fún un pé òṣèré lásán ni mí. N kò sọ ọ́. Kóòtù tí mo fi ṣeré ni mo wọ̀ lọ. Mo ní kí gbogbo ará ilé jókòó, mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ti ṣe é nínú eré. Bùsírátù ni omi kọ́kọ́ bọ́ lójú rẹ̀. Opó ni, ó ti ń bá Ìyá Ṣéhù rẹ aṣọ láró fún ọdún mẹ́fà. Mo nàka sí i, mo ní, “Òun nìyí.” Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, n ò jalè. Mo ń sunkún nítorí pé èmi nìkan ni kì í ṣe ọmọ ilé yìí.” Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Wọ́n da ẹrù rẹ̀ síta. Kò sí aláró kankan ní Ìtòkú tó tún jẹ́ kó ti ọwọ́ bọ ìkòkò òun.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Ìyá Ṣéhù wá bá mi nílé. Ó fẹ́ sá òwú ìrọ̀rí rẹ̀ sóòrùn. Bó ti tú u, wúrà bọ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an mọ́ inú ìrọ̀rí náà nígbà tó ń lọ sí Owódé, tó sì gbàgbé. Ó ní, “Ládépọ̀, báwo la ó ti ṣe é?” Bí wọ́n ó ti máa fi mí ṣẹ̀sín ni mo ń rò, n kò ro ti Bùsírátù. Mo ní, “Ìyá, ẹ gbé e pamọ́. Ẹni tó ti lọ ti lọ.” Ó gbà. Ó ti kú lọ́dún yìí. Ẹ má di ẹ̀bi ru òkú. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Ní 1984, mo rò ó fún Josiah bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Ó jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ọ̀rọ̀ tí Bùsírátù sọ. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà nìyẹn, tí mo ń bẹ Adépéjú, òṣèré ẹgbẹ́ mi tí n kò ṣẹ̀ rí. Omijé tòótọ́ ni mo sun. Lọ́jọ́ kejì tó jáde, ilé mi kún fún àwọn tó wá kí mi. Ibẹ̀ ni Bùsírátù wọlé. Ewékorò ló ti wá, níbi tó ti ń fọṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, mo wò yín lánàá. Nínú eré yín ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti rí wúrà náà. Mo gba ẹ̀bẹ̀ yín. Ẹ ṣáà tẹ̀ lé mi dé Ìtòkú, kí ẹ sọ ọ́ níbẹ̀.” Gbogbo ojú yí sí mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Arábìnrin, eré ni. Ṣé ẹ ò mọ eré yàtọ̀ sí òótọ́ ni?” Àwọn àlejò mi bú sẹ́rìn-ín. Bùsírátù dìde, ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó sì jáde. Títí di òní, ẹ̀rù ara mi ń bà mí nítorí ẹ̀rín yẹn. Irú ènìyàn wo ni mí tí ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ fi ti ẹnu mi jáde?

Lánàá, mo lọ sí Ewékorò. Mo bá a níbi tó ti ń sá aṣọ. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Kámẹ́rà dà?” Mo ní kò sí. Ó ní, “Ẹ dìde. Ìtòkú ni wọ́n ti pè mí lólè, kì í ṣe ibí.” Ó sì ń sá aṣọ rẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín nìyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pè mí ní ọ̀gá, bí ẹ bá ti rí i pé ẹ ṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ kejì ti máa ń le jù. Bùsírátù kò jalè. Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ yan àgbà méjì, kí wọ́n lọ mú un wálé.