Ìkòkò Òdòdó Elétí Kan

Ẹ má wulẹ̀ fa àga sílẹ̀ fún mi, Mọ́mì, mi ò jókòó, ẹsẹ̀ mi ò ní í gbà kí n jókòó nínú yàrá tí àwòrán yẹn wà lára ògiri ẹ̀! Ta ló gbé e fún yín? Mo mọ̀, ọmọ yín ni, mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ látẹnu yín ni. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí? Háà! Ọmọ yín! Ọ̀rẹ́ mi! Ẹni tí èmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ ń kun ọ̀dà nínú yàrá kan, tá a jọ ń ṣan búrọ́ọ̀ṣì nínú ike omi kan náà! Mo kàn ní kí n yà kí yín ni o, mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti rí Mọ́mì, mo gbójú sókè báyìí, kí ni mo rí?

Rárá, mi ò sọ pé kò dáa. Òdòdó yẹn dáa, pupa ẹ̀ pupa, ewé ẹ̀ tutù, ta ló ń bá òdòdó jà? Abẹ́ òdòdó ni kí ẹ bá mi wò. Ìyá mi ló wà níbẹ̀! Ìyá mi tó bí mi, tí ẹ̀yin náà mọ̀, tí ilé ẹ̀ kọjú sí tiyín, tó ti kú, tí mi ò ní fọ́tò ẹ̀ ẹyọ kan, torí ẹ mọ̀ ọ́n fúnra yín, bó bá ti rí kámẹ́rà báyìí, ṣe ló máa ń sá wọ kíṣìnì.

Kí n fara balẹ̀? Ṣé ìwọ̀sí tí wọ́n fi lọ̀ mí yìí ṣe é fara balẹ̀ sí? Ó dáa, mo ti fara balẹ̀. Ẹ gbọ́ o.

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń wá bí mo ṣe máa ya ojú ìyá mi látinú ìrántí, ìṣojú ọmọ yín ni. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n, bébà ló ń dà mí. Ọ̀dà olómi yìí, ohun tí bébà bá fẹ́ ló máa ń ṣe. Mo kùn ún sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń kọ̀wé, ó fa omi mu, ó súnkì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi hunjọ bíi ti ẹni tó mu ọsàn wẹ́wẹ́. Mo bọ́ sórí èyí tó ń dán, tó jọ̀lọ̀ bí àwo, omi ò wọlé, ṣe ló ń sá kiri lójú ẹ̀, imú lọ sápá kan, ẹnu lọ sápá kan. Mo gbìyànjú páálí, ó gbé gbogbo àwọ̀ mì, ojú ìyá mi ṣú bíi pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀rín. Èyí tó rí gbágungbàgun ńkọ́? Àwọ̀ kóra jọ sínú ihò ihò ẹ̀, ìyá mi wá di ẹni tí ìléròrò bò lójú. Ọmọ yín ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹ̀ la lẹ̀ mọ́ ògiri. Àdéhùn wa ni pé èyí tó bá ti wà lára ògiri, ìdánwò ni, ẹni tó bá wù ú lè mú un kó lò ó. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn, torí ohun tó máa fi gbèjà ara ẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà tó yá ni mo rí bébà kan lọ́wọ́ bàbá tó ń di ìwé pọ̀ ní òpópónà wa. Ó nípọn, kò dán, kò sì le koko. Ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní irú ẹ̀ ò wọlé mọ́. Mo gé etí ẹ̀ kékeré, mo dán an wò. Mọ́mì, bébà yẹn ní sùúrù! Tí èèyàn bá da omi sí i, á dúró dè é. Téèyàn bá ṣi nǹkan kùn, tó fi fóòmù tútù nù ún díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ á gbà kúrò, bébà ò sì ní í ya. Ta ni mo sáré pè? Ọmọ yín náà ni! Mo ní wá wò ó, mo fọwọ́ ara mi kọ́ ọ, mo ní rọra, má fi èékánná họ ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ o! Orí mi ò!

Ni mo bá fi omi rin èyí tó kù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó yíká, mo jẹ́ kó gbẹ kó le, mo wá kùn ún. Ojú náà jáde. Ìpéǹpéjú tó máa ń wálẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan tí ojú ń tì. Ìborí búlúù tó máa ń so kókó ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lókè etí. Ta ló kọ́kọ́ pariwo? Èmi kọ́! Ọmọ yín ló fò dìde, ó ní, “Yéè, Màmá rèé!” Ó sunkún, mo ní láti fa pátákó sẹ́yìn kí omijé ẹ̀ má bàa kán sí i. Ṣé ẹni tó sunkún bẹ́ẹ̀ ló máa sọ pé òun rò pé ìdánwò ni? Kò sí lára ògiri! Ẹ̀yìn àpótí mi ló wà, mo ti gé e kúrò lára pátákó, mo fi aṣọ wé e!

Nígbà tí mi ò rí i mọ́, ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó bá mi wá a. Mo fi sàréè ìyá mi búra, ó ki orí bọ abẹ́ tábìlì, ó ń gbọn ìwé, ó ń nu òógùn, ó ní bóyá afẹ́fẹ́ ló gbé e gba ojú fèrèsé lọ. Afẹ́fẹ́! Ó bá mi jáde sí títì, àwa méjèèjì ń yẹ inú gọ́tà wò! Mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ gbọ́, mo ń dúpẹ́!

Ẹ ní bóyá bébà míì ni. Kò burú. Ẹ dá mi lóhùn, ìkòkò òdòdó wo ló ń ní etí kan ṣoṣo? Ẹ rí i? Ẹ̀yin náà ti bi í rí? Kí ló sọ? Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde báyìí nìyẹn! Háà! Mọ́mì, búlúù tí mo fi kun ìborí ìyá mi, kì í gbà kúrò. Tó bá ti wọ bébà, ó wọ̀ ọ́ nìyẹn, èèyàn lè nù ún títí ọwọ́ á fi bó. Ojú gbà fún un, ẹnu gbà, ìborí ní òun ò lọ síbì kankan. Nígbà tó sú u, ló bá dorí ìyá mi kodò, ó fi ìborí ẹ̀ ṣe ìkòkò, ó fi kókó ẹ̀ ṣe etí ìkòkò, ó wá fi òdòdó bo ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí bébà! Tó bá ní òun ń wá bébà tó dáa láti fi ya nǹkan fún ìyá òun, ṣé mi ò ní bá a wá a kiri ni? Ìyá tiẹ̀ wà láàyè, ó dúró níwájú mi yìí, kó yà á lójoojúmọ́ bó bá wù ú. Ó ní ìyá, ó tún gba tèmi kún un!

Mi ò bú yín o, ẹ̀yin ò mọ̀. Ẹ ṣáà bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀. Mi ò ní fà á ya, ta ló ń fa ìyá ẹ̀ ya? Ẹ dorí ẹ̀ kodò. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fọwọ́ bo pupa yẹn. Ẹ rí ilà fẹ́ẹ́rẹ́ tó wá láti abẹ́ etí yẹn? Àgbọ̀n ẹ̀ nìyẹn. Mọ́mì? Orúkọ ìyá mi lẹ̀ ń pè yẹn? Áà, ẹ má sunkún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kán sí i.

Ẹsẹ̀ ta nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà? Òun ni, mo mọ ìró bàtà ẹ̀. Ó kúkú yá. Fóòmù kì í kúrò nínú báàgì mi, omi wà nínú ilé yín, ọwọ́ tó nu ìyá mi kúrò náà ló máa nu òdòdó yẹn kúrò níṣojú yín, rọra, láì fi èékánná họ ọ́, bí mo ṣe kọ́ ọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kó jẹ́ kókó ìborí nìkan, ó tó mi, màá gbé e lọ sílé. Àmọ́ ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Ẹ gbé e dání báyìí, kí ìborí wà lókè. Kó má kí yín, kó má kí èmi náà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kí ìyá mi ná.