Ìró Kẹfà Tí N Kò Gbọ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ohùn mi ò lọ jìnnà mọ́. Eruku òkúta ti kún àyà èmi Jùbrílù, dókítà sì ti ní kí ẹ máa gbé mi lọ sílé. Òótọ́ yìí ò gbọdọ̀ bá mi dé sàréè.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń fọn fèrè níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lọ́nà Kọ́bapẹ́. Bí ẹ̀tù bá dún tán, tí mo bá fọn fèrè, àwọn òṣìṣẹ́ á mọ̀ pé ewu ti tán, wọ́n á wọ inú kòtò. Ẹ̀rù máa ń bà mí jù. Mi ò kì í rí oorun sùn. Ìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì Harriet, tó ń tọ́jú àwa òṣìṣẹ́, wá kọ́ wa ní ìjókòó jẹ́ẹ́. Ó ní ibì kan wà nínú ọpọlọ tó máa ń pariwo bí ẹ̀rù bá dé, pé bí èèyàn bá ń ṣọ́ èémí rẹ̀ lójoojúmọ́, ariwo náà á máa rọlẹ̀. "Ṣùgbọ́n Bàbá," ó ní, "ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹ̀rù náà ń wí o." Ìdajì ni mo gbọ́. Mo sọ ẹ̀rù kalẹ̀ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀, láìmọ̀ pé ẹrù tí wọ́n torí ẹ̀ gbà mí síṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ihò mẹ́fà la ki ẹ̀tù sí. Ìró márùn-ún ni mo gbọ́. Àyà mi já. Mo di ojú, mo mí sínú, mo mí síta, ó sì rọlẹ̀. Dìran, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Fèrè, ṣé ẹ ti sùn ni? Àbí wọ́n ti fi yín jẹ ààfáà èémí?" Ó wá na ọrùn wo inú kòtò. "Ṣé kí n wọlé, sà? Ó jọ pé ó ku ọ̀kan."

Mo ní, "Máa wọlé lọ, ojo. Mo máa fọn ún." Fèrè ò tíì kan ẹnu mi tí ìkẹfà fi dún, tó sì pa Dìran nínú kòtò.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá pè wá, mo ní mi ò tíì fọn fèrè tí olóríkunkun yẹn fi wọlé. Mi ò tíì fọn ún lóòótọ́, ẹ ò rí ìwà ìkà! Wọ́n gbé Kùránì fún mi. Mo mí sínú, mo mí síta, mo búra. Ẹ̀rù Ọlọ́run pàápàá ò bà mí. Ìyá Dìran wá bá mi nílé ní Láfẹ́nwá, ó di ẹsẹ̀ mi mú: "Bàbá Fèrè, ṣé lóòótọ́ lọmọ mi ò gbọ́ràn?" Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Lóòótọ́ ni." Láti ọjọ́ náà, ìbínú ò jẹ́ kó dé ibojì ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àyà yín bá já, ẹ béèrè ohun tó já a kí ẹ tó pàrọwà fún un.

Ẹ lọ mú Ìyá Dìran wá. Bí mo bá ti dákẹ́ kó tó dé, ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ ní kó forí jì mí. Kí ẹ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ gbọ́ràn. Èmi ló gbọ́ràn sí lẹ́nu tó fi kú.