Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Fọwọ́ Sí I

Nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́, tí mo lè ru apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ láti oko dé ilé láì sinmi, tí ọlọ́pàá bá mú ẹnìkan ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ọkùnrin ni àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń wá kiri. Ọkùnrin ni yóò lọ dúró fún un kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Obìnrin ńkọ́? Obìnrin ń gbé oúnjẹ lọ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ ò bá Káyọ̀dé àbúrò mi láyé. Tíṣà ni. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ọ̀nà dúró torí pé omi ẹ̀rọ ti gbẹ, tí kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ọlọ́pàá kó wọn lọ. Bàbá wa ti kú, àwọn àbúrò bàbá wa ń sá, oníkálukú ní òun ń lọ oko. Mo wá lọ fúnra mi, tèmi toyún nínú. Sájẹ́ǹtì tó wà ní káńtà wò mí bí ẹni tó ṣìnà. Ó ní, "Ṣé kò sí ọkùnrin nílé yín ni? A kì í fi èèyàn lé obìnrin lọ́wọ́." Ó gba oúnjẹ ọwọ́ mi, ó ní kí n máa lọ. Mo sì lọ... Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ta ló sọ fún mi nígbà náà pé mo lè bèèrè ibi tí wọ́n kọ òfin yẹn sí?

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Káyọ̀dé lò níbẹ̀. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n ní kó tẹ̀ka sí i, wọn ò jẹ́ kó kà á. Èèyàn tó jẹ́ tíṣà, ẹ gbọ́! Nígbà tó jáde, apá ọ̀tún rẹ̀ ò lè gbé ṣọ́ọ̀kì dé ojú bọ́ọ̀dù mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sọ̀rọ̀ láwùjọ mọ́ títí ó fi kú. Kódà níbi ìpàdé ẹbí, á kàn jókòó ni.

Ẹ wá wo ti Tọ́pẹ́ yín yìí, ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì Ọ̀yẹ́ Èkìtì. Lọ́dún tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, wọ́n ní àwọn ò rí iná kàwé. Ọlọ́pàá kó méje nínú wọn. Ẹnìkan pè mí lórí fóònù ní òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní wọn ò ní dá ọmọ yìí padà fún mi bó ṣe lọ.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù. Ọkùnrin ni èmi náà wá kiri! Bàbá Bọ́ládé ọlọ́kadà tó gbé mi láti Ìrè ìlú wa lọ sí tésàn, mo bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà pé tá a bá débẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó ní òun ni ọkùnrin ilé wa. Ó ní, "Ìyá, èmi tí mi ò ní láísẹ́ǹsì?" Mo ní kó ṣáà dákẹ́, kó dúró gbọin. Mo ti mú fìlà ọkọ mi dání, mo dé e fún un. Fìlà náà tóbi, ó bò ó létí.

Lọ́yà kan tó wá gbèjà àwọn ọmọ náà ti wà níbẹ̀ ká tó dé, ọmọbìnrin kékeré báyìí, sálúbàtà ló wọ̀. Kò pariwo. Ó ń bi ọ̀gá ọlọ́pàá pé ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn wọ́n, aago mélòó ni wọ́n mú wọn, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀gá náà sì ṣí ìwé fún un! Èmi rò pé wọ́n máa ti òun náà mọ́lé ni. Lọ́yà náà sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí Tọ́pẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, Tọ́pẹ́ ní òun ò kọ nǹkan kan àfi tí lọ́yà bá jókòó ti òun. Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n... níbo ló ti rí irú àyà bẹ́ẹ̀?

Ọ̀gá bèèrè ẹni tó máa dúró fún un. Mo ti Bàbá Bọ́ládé síwájú. Lọ́yà wò ó, ó wo fìlà, ó yíjú sí mi. "Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́?" Mo ní obìnrin ni mí. Ó ní, "Òfin ò ní kí obìnrin má dúró fún èèyàn, mà. Ẹ nílé, wọ́n mọ̀ yín ní Ìrè. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i." Mo wojú ọ̀gá, mo ń retí kó lé mi jáde. Bírò ló nà sí mi. Háà... mo gbà á, mo kọ orúkọ mi tán. Wọ́n mú Tọ́pẹ́ jáde, ó ní ebi ń pa òun.

Mo ní ká máa lọ, ó ní òun ò lọ. Àwọn òbí ti ń wá gba àwọn yòókù, ṣùgbọ́n Blessing ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Àkwà Íbọm, kò lẹ́nìkan ní gbogbo Èkìtì. Inú bí mi, kí n má parọ́. Mo ti gba tèmi, mo fẹ́ sá kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó yí ohùn padà. Tọ́pẹ́ ò bá mi jà, ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo wá yọjú wo Blessing nínú àtìmọ́lé. Gbogbo ìgbà tí ìlẹ̀kùn bá ṣí ló ń gbójú sókè.

Mo padà sí káńtà. Mo bi lọ́yà bóyá ẹnìkan lè dúró fún èèyàn méjì. Ó ní tí ọ̀gá bá gbà. Ọ̀gá ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ ọmọ yìí rí?" Mo ní rárá. Ó ní tó bá sá lọ, èmi ni wọ́n máa wá mú o. Mo ní kí wọ́n wá, wọ́n á bá mi nílé, ẹsẹ̀ tí mo máa fi sá ti ń dùn mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún na bírò sí mi. Ilé mi ni Blessing gbé títí bàbá rẹ̀ fi dé.

Ẹ má rò pé ayé ti dáa tán. Wọ́n ṣì ń lu ọmọ ọlọ́mọ láwọn ibòmíì. Tí wọ́n bá mú yín, ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ ò kà. Tí wọ́n bá sì mú ẹlòmíì, ẹ dìde lọ, ẹ má wá ọkùnrin kankan kiri. Àádọ́rin ọdún ó lé ni mo ti lò láyé, mi ò mọ̀ rárá pé orúkọ mi lè ṣí ìlẹ̀kùn tésàn fún ọmọ tí mi ò bí.