Wàrà Tí Kì Í Ṣe ti Títà

Ní gáréèjì Ìsẹ́yìn, níbi tí a jókòó sí tí a ń retí kí ọkọ̀ Ṣakí kún, mo gbọ́ tí obìnrin tó wà níwájú mi ń bá oníwàrà díndín kan fa ọ̀rọ̀ lójú fèrèsé.

"Ìjọba ní kí ẹ máa kọ ohun tó wà nínú oúnjẹ sára láílọ́ọ̀nù rẹ̀."

"Mo ti kọ ọ́, màmá. Ẹ wò ó."

"Fúláwà, ṣúgà, yíìsì. Nínú wàrà?"

"Ará ibi ìtẹ̀wé ló wò ó lára búrẹ́dì. Ó ní lébẹ̀ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kún."

"Òróró tó o fi dín in ńkọ́? Ọkọ mi lẹ́jẹ̀ ríru, dókítà sì ti kìlọ̀ òróró àdíntúndín fún un."

"Háà! Ṣé wàrà lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́yàwó fún ọmọ yín, tí ẹ fi ń wádìí báyìí?"

"Èyí tó wà nínú abọ́ olómorí yẹn ńkọ́? Àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju tibí lọ."

"Ti àwọn ọmọ mi nìyẹn. Òróró tiwọn lọ́tọ̀."

"Òun ni kó o tà fún mi."

"Ti títà kọ́ nìyẹn, màmá."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àfi èmi. Ìyáálé mi, kí Ọlọ́hun forí jì í bó bá wù Ú, ìkòkò méjì ni òun náà máa ń gbé kaná: ọ̀kan fún àwọn ọmọ tirẹ̀, ọ̀kan fún èmi àti àwọn tèmi. Kò sì kọ nǹkan kan sára tiwa.