Iṣu Tuntun Tí Mo Fi Eérú Bò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Tí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa mí, kí ojú tó wá tì mí. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, wọ́n gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan nítorí ohun tí èmi náà ti ṣe rí, mo sì jókòó níbẹ̀, mi ò lanu. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí nìyẹn.

Ìyàwó alágbẹ̀dẹ ni mí, ní abúlé kan lẹ́bàá Gbaffo, láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà. Bẹnuwá ni ọkọ mi ń jẹ́. Nígbà tí mò ń wí yìí, kò tíì pẹ́ tí àwọn Faransé ká àsíá wọn lọ. Ìyàwó tuntun ni mí, oyún àkọ́kọ́ sì wà nínú mi.

Bẹnuwá kì í rí irin kó má fọwọ́ kàn án. Ó mú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan tó ti bàjẹ́, ó rọ ọ̀bẹ mẹ́ta mọ́ ọn, ó sì ṣe ọwọ́ tí èèyàn lè máa fi yí i. Tí a bá ti iṣu tí a ti bẹ sí i lẹ́nu, á gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, gbogbo rẹ̀ á sì nípọn bákan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti fọwọ́ gé iṣu èlùbọ́ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Èyí tó bá nípọn jù kì í gbẹ, á bu ni. Kò sì sí obìnrin kan nínú agbo ilé wa nígbà náà tí kò ní àpá ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Depite wa gbọ́ nípa ẹ̀rọ náà. Òun ni ẹni tí a dìbò yàn pé kó lọ máa sọ tẹnu wa nílé ìgbìmọ̀ ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa. Kì í ṣe irú èyí tí a kì í rí mọ́ lẹ́yìn ìbò. Ńṣe ló ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, tó ń wo ohun tí àwọn èèyàn ń fọwọ́ ara wọn ṣe. Ó ránṣẹ́ pé ní ọ̀túnla òun ń bọ̀ wá wo ẹ̀rọ tó ń gé iṣu. Ó ní bó bá ṣiṣẹ́ lójú òun, òun á bá Bẹnuwá wá irin àti páànù láti Kútọnu, kó lè ṣe é fún gbogbo àdúgbò.

Oṣù keje ọdún la wà. Àgbẹ̀ tó bá wà nínú yín ti mọ ibi tí wàhálà wà. Iṣu èṣí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èyí tó kù nínú àká ti hù, ó sì ti rọ̀. Iṣu tuntun wà nínú ebè lóòótọ́, àmọ́ èèwọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ kàn án títí baba ọkọ mi, tó jẹ́ olórí ẹbí, á fi tọ́ ọ wò lọ́jọ́ ọdún iṣu. Baba Àgbà là ń pè é. Ọdún iṣu sì ku oṣù kan gbáko. A ò lè sọ fún èèyàn ìjọba pé kó lọ, kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Bẹnuwá fi iṣu àká dán ẹ̀rọ náà wò, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ bí ẹ̀kọ. Ó fi gbágùúdá dán an wò, okùn àárín rẹ̀ wé mọ́ ọ̀bẹ, ọ̀kan ṣẹ́. Ó tún un rọ, ó wá jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Tí depite bá dé tí kò rí nǹkan kan, Abijan ni mò ń lọ ní tèmi."

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló kó mi sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ti lọ sí Abijan ṣáájú, kò sì sí èyí tó padà wálé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sóko èmi nìkan. Mo fọwọ́ tú ẹ̀gbẹ́ ebè mẹ́rin, mo gé iṣu lábẹ́ orí, mo sì da ilẹ̀ bò ó padà kí ewé rẹ̀ má bàa rọ. Laboko ni, iṣu tó máa ń ṣáájú gbogbo iṣu ta. Mo gbé wọn wálé lábẹ́ ẹ̀fọ́. Mo fi eérú ra wọ́n lára, mo da eruku àká lé e, mo wá sọ fún ọkọ mi pé mo rí mẹ́rin tó ṣì le nísàlẹ̀ àká. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà ni mo bẹ wọ́n, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ náà fún yín, torí ó dùn. Èèyàn kún orí àpáta ẹ̀yìn ilé wa, àwọn ará Paouignan pàápàá wá. Bẹnuwá yí ẹ̀rọ, iṣu ń já bọ́ sínú agbọ̀n, ó funfun, ọ̀kan kò nípọn ju èkejì lọ. Àwọn obìnrin gbé orin. Depite bọ́ ẹ̀wù òkè rẹ̀, ó yí i fúnra rẹ̀ títí òógùn fi bò ó. Lẹ́yìn náà ó fa àpótí kan, ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin, ó bi wọ́n pé kí ló kù tí wọ́n fẹ́.

Ìyá arúgbó kan dá a lóhùn. "Musie, ọ̀gá mi, ẹ̀rọ yìí ga jù. Ṣé àwa kúkúrú ò ní jẹ èlùbọ́ ni?"

Depite rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sínú kaye, ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó sì yíjú sí ọkọ mi. "Bẹnuwá, Ìyá sọ òótọ́. Gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú."

Mo rò pé ó ti parí. Ni depite bá rí iṣu kan tó ṣẹ́ kù, ó ní ṣé a ò ní gún un fún àlejò ni. Ẹ̀rù bà mí. Baba Àgbà ní, "Ìyàwó, gún un."

Mo gún un. Baba Àgbà àti depite jọ fọwọ́ bọ àwo kan náà. Mo rí i tí Baba Àgbà bu òkèlè àkọ́kọ́ tó sì jù ú sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Mo rò pé ìdọ̀tí ló rí lára rẹ̀. Ó bu òmíràn, ó jẹ ẹ́, ó tún bu sí i. Ó ní, "Iṣu èṣí ṣì dùn tó báyìí?" Mo yára lọ bu omi wá fún wọn.

Lọ́jọ́ ọdún iṣu, Baba Àgbà tọ́ iṣu tuntun wò lójú gbogbo ẹbí, ó sì súre fún wa. Nígbà tí mo gbé omi ìfọwọ́ fún un, ó sún mọ́ etí mi. "Ìyàwó, eérú ọjọ́sí ti pọ̀ jù. Iṣu àká kì í sì í lómi lára tó bẹ́ẹ̀."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kí n dúró dáadáa kí àwọn èèyàn má bàa máa wò wá. Ó ní, "Mo ti fún àwọn tó ni ín kí n tó jẹ ẹ́. Abijan ti gba méjì lọ́wọ́ mi, kò ní gba ẹ̀kẹta." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àwọn baba ńlá ló fún ní òkèlè ẹ̀bá ògiri.

Irin àti páànù dé kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ̀rọ Bẹnuwá dé Glazoué, ó kọjá ibẹ̀, gbogbo wọn kúkúrú lẹ́sẹ̀ bí ìyá yẹn ṣe fẹ́. Bẹnuwá kò lọ sí ibì kankan, ọmọ mẹ́fà la bí. Títí di òní ló ń sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ wa pé iṣu èṣí tí ìyàwó òun tọ́jú ló gba òun sílẹ̀. Lọ́dọọdún títí Baba Àgbà fi kú, tí mo bá gbé iṣu síwájú rẹ̀, á bi mí bóyá mo ti nu eérú rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ogbó ló ń ṣe é. Èmi á sá wọ ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín.

Bẹnuwá ti darúgbó, ó ti fi ipò olórí ẹbí lé àkọ́bí wa lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó kékeré kan nínú ilé wa se iṣu tuntun nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún sí ọdún iṣu, torí ara ọmọ rẹ̀ ò yá tí kò sì jẹ nǹkan mìíràn. Ọmọ mi ní kó mú ewúrẹ́ ìtanràn wá. Ó ní, "Baba Àgbà ì bá kúkú kú ju kó jẹ́ kí iṣu tuntun kan òun lẹ́nu ṣáájú ọdún." Gbogbo wọn wò mí, torí èmi ni mo dáná fún Baba Àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ti ra ewúrẹ́ kan, ó wà lẹ́yìn ilé. Bẹnuwá bi mí pé kí la fẹ́ fi ṣe, mo ní yóò rí i. Lọ́jọ́ ọdún iṣu tó ń bọ̀ yìí, mo fẹ́ fà á lọ síwájú ọmọ mi, kí n san ìtanràn tèmi, kó sì dá ti ọmọbìnrin yẹn padà fún un. Ìyẹn ti dá mi lójú, inú mi sì ti ń dùn sí i. Ọ̀rọ̀ Baba Àgbà ni kò jẹ́ kí n mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Tí mo bá sọ tèmi tí mo fi tirẹ̀ pamọ́, irọ́ ni mo tún pa. Tí mo bá sọ ọ́, màá san ewúrẹ́ tirẹ̀ náà, wọ́n á sì ní mo lọ dójú ti àgbà nínú sàréè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ nítorí kí ọmọ rẹ̀ má bàa lọ ló ṣe jẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọmọdé, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé ewúrẹ́ kan ni kí n fà lọ, àbí méjì?