Géèmù Tí Kò Nílò Aṣọ́nà

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Samaru lọ sí Danmagaji ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ń jiyàn lórí géèmù kan tí apá kejì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Ẹ̀gbọ́n, apá kejì yìí dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìbọn pọ̀ níbẹ̀."

"Ìbọn yẹn ló bà á jẹ́. Ti àkọ́kọ́, ṣe lèèyàn ń yọ́ kọjá lẹ́yìn àwọn sójà. Bí wọ́n bá rí ẹ, ó parí, o máa gbé páàdì tá a fi ń ta á fún mi."

"Kai, ṣé torí páàdì lẹ ṣe ń bínú?"

"Rárá. Nígbà yẹn, bí o bá ń ta á, èmi ni mò ń bá ẹ ṣọ́nà. Màá ní, 'Dúró, ọ̀kan ń bọ̀.' Ní báyìí, bí wọ́n bá rí ẹ, o kàn ń yìnbọn ni. O ò nílò ẹni tó máa ní kí o dúró mọ́."

Gbólóhùn yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Olúwa ti fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ yí mi ká, mo sì dúpẹ́.

Bí a ṣe kọjá Kwangila, àbúrò yíjú sí i.

"Mo rò pé ó ti rẹ̀ yín lánàá ni," ló wá sọ, "tí ẹ fi dìde lọ sùn nígbà tí mo ṣì ń ta á."